Òjé Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ: Ibi Tó Yẹ Ká Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí tìróò. Ní ọdún 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n bá òjé, irin olóró tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead, tó tó máíkírógíráàmù 13 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù ni máíkírógíráàmù kan) nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Tìróò tó ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n ń lé fún un, ló fà á. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún tìróò náà, 82.6 jẹ́ òjé.

Oògùn apakòkòrò, mẹ́kúrì, oríṣiríṣi kẹ́míkà ló ń wọ ara wa, apá kò sì lè ká gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ la fi ń mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ dojú kọ. Lójú tèmi, òjé ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára àwọn ará Amẹ́ríkà láàárín 1976 sí 1980 fi hàn pé bí òjé tí wọ́n ń fi sínú epo mọ́tò nígbà náà ṣe ń dínkù ni ti inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà ń lọ sílẹ̀. A mọ ibi tó ń gbà wọlé, a sì lè dí i.

Kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọ lè máa ṣeré kiri, kí òjé sì ti máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Òjé wà nínú bátìrì mọ́tò, torí náà ẹ má tú u nílé. Ẹ̀yin apẹja tó ń yọ́ òjé fún àwọ̀n, ẹ má yọ́ ọ nínú agboolé. Ní Zamfara, ní 2010, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọ tó lé ní 400, nítorí òjé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ibi irú iṣẹ́ yìí dé, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbé ọmọ.

Bí oko yín bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì, ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ síbẹ̀, torí eruku máa ń bà lé ewé. Adìyẹ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ lè kó òjé sínú ẹyin. Òjé kì í jẹrà nínú ilẹ̀.

Nínú ilé, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nulẹ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń ru eruku sókè. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà àti ẹja wẹẹrẹ teegunteegun, torí òjé tètè ń wọ ara ọmọ tí kò jẹun dáadáa.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ làwọn ìyá wa fi ń lé tìróò fún wa. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má lé e fọ́mọ mọ́. Ẹ béèrè nílé ìwòsàn bóyá wọ́n lè yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú tìróò náà dání lọ.