Bí a ṣe ń se egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà láì bà á jẹ́

Oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Ṣáínà á wọn èèpo, gbòǹgbò àti ewé gbígbẹ fún yín, á dì í sínú bébà, ìdì kan fún ọjọ́ kan. Ẹ má yọ nínú rẹ̀, ẹ má fi kún un. Tiyín ni sísè, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Ìkòkò amọ̀ ni kí ẹ lò. Tánganran náà dára, kò sì wọ́n. Ẹ jìnnà sí ìkòkò irin: èèpo tó ń fún ẹnu pọ̀ máa ń dúdú nínú rẹ̀. Ẹ fi omi tútù rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, kí omi fi ìka méjì bò ó. Ẹ jẹ́ kó hó, ẹ dín iná kù.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń se àgbo ibà. Ó tì o! Ìkarahun àti òkúta, bí wọ́n bá wà nínú ìdì yín, ló ń kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ẹ gún wọn, kí wọ́n hó tó ìṣẹ́jú 30 kí ìyókù tó bá wọn. Bohe, ewé míǹtì tó ń ta sánsán, ìṣẹ́jú 5 tó gbẹ̀yìn ni tirẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ilé ló gba oògùn yẹn, kì í ṣe aláìsàn. Ejiao, tí wọ́n fi awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sè, kì í wọ ìkòkò rárá: á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, á jóná. Inú àgbo gbígbóná tí ẹ ti sẹ́ ni kí ẹ ti yọ́ ọ.

Gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní fuzi ni mo bẹ̀rù jù. Májèlé tó lè dá ọkàn dúró wà nínú rẹ̀, sísè pẹ́ ló sì ń rọ̀ ọ́. Iye àkókò tí oníṣègùn bá kọ, ẹ má dín in. Ẹ má sì rà á fúnra yín.

Gbogbo ewé kọ́ ló sì fẹ́ iná. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Ge Hong, oníṣègùn ará Ṣáínà, kọ ọ́ pé kí wọ́n rẹ ewé tí wọ́n ń pè ní qinghao sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì mu omi rẹ̀ fún ibà. Ohun tó mú kí Tu Youyou, onímọ̀ nípa oògùn ní Ṣáínà, fura pé iná ń pa agbára ewé náà nìyẹn. Artemisinin, oògùn ibà tó rí níbẹ̀, ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 30 lórí iná, ẹ sẹ́ àgbo náà. Aṣọ funfun ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Asẹ́ ògì náà á ṣe é. Ẹ bu omi sí pàǹtí rẹ̀, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ da méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí àárọ̀ àti alẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da pàǹtí nù. A kì í bu omi lé e lójoojúmọ́. Bó bá jóná, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Bó bá jẹ́ guizhi tang, àgbo tí wọ́n fi ẹ̀ka igi sínámọ́nì sè, ni wọ́n fún yín nítorí òtútù, ẹ mu ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná lé e, kí ẹ sì bora, kí òógùn máa yọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ń ṣàn ti pọ̀ jù.