Bí a ṣe ń wá sìkọ́láṣíìpù iléeṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná

Iléeṣẹ́ iná tó ń sanwó ilé-ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe sàráà. Òṣìṣẹ́ ló ń wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá wọ ẹ̀ka ẹlẹ́tíríìkì ní fásitì, kọ̀ǹpútà àti fóònù ló máa ń fà wọ́n lọ. Àwọn tó fẹ́ mọ̀ nípa tiransifọ́mà, wáyà ńláńlá àti ẹ̀rọ tó ń pèsè iná kì í pọ̀. Ìyẹn ni iléeṣẹ́ ṣe ń tètè na ọwọ́ mú wọn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ rojọ́ àìlówó. Á fi hàn pé òun ṣeé gbà síṣẹ́.

Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń wá

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ń bójú tó o, àwọn iléeṣẹ́ á sì dáwó sí i. Bí ti Scholarship Plus tí IEEE Power & Energy Society bẹ̀rẹ̀ ní 2011 fún àwọn tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣe rí nìyẹn; ọ̀rọ̀ Plus inú orúkọ rẹ̀, ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ. Èkejì, iléeṣẹ́ mélòó kan àti fásitì mélòó kan á pawọ́ pọ̀, bíi Power Academy ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004: akẹ́kọ̀ọ́ ń gbowó lọ́dọọdún, ó sì ń lọ ṣiṣẹ́ olówó lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó mú un nígbà ìsinmi gígùn. Nínú irú èyí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fásitì yín wà lára àwọn tí wọ́n bá dòwò pọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fàkókò ṣòfò. Ẹ̀kẹta, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa san gbogbo owó, á sì ní kí ẹ wá fi ọdún mélòó kan sìn òun lẹ́yìn tí ẹ bá gboyè. Owó èyí ló sábà máa ń pọ̀ jù. Àdéhùn rẹ̀ náà ló le jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú

Ohun tó máa ń pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ìwé èsì ìdánwò láti fásitì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn olùkọ́ tó máa kọ̀wé jẹ́rìí yín náà kì í kánjú. Fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà èsì yín, ojú ìwé kan nípa ohun tí ẹ ti ṣe, àti ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ wọlé, kí ọjọ́ tí ẹ bá dá fún un sì fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ gidi. Olùkọ́ tó bá yín ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò sàn ju ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò dá yín mọ̀ lọ. Ìwé tó kàn ní "ọmọ dáadáa ni" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ tún wo orúkọ yín lórí gbogbo ìwé. Bí orúkọ àárín bá wà lórí èsì, tí kò sí lórí káàdì ìdánimọ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé wò lè jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìkà á. Bí ọjọ́ ìparí bá sì jẹ́ agogo méjìlá òru, ẹ wò ó bóyá agogo ìlú yín ni àbí ti iléeṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú èsì yín

Wọn kì í wo àròpọ̀ máàkì nìkan. Ìṣirò, ìmọ̀ sákíìtì àti ẹ̀rọ ẹlẹ́tíríìkì ni ojú wọn máa kọ́kọ́ bà. Bí ẹ bá ṣì láǹfààní láti yan kọ́ọ̀sì, ẹ yan èyí tó dá lórí gbígbé iná lọ sọ́nà jíjìn àti dídáàbò bo àwọn ohun èlò iná, kódà bí máàkì rẹ̀ bá ṣòroó gbà. Bí ẹ bá fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì sákíìtì kan rí, ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ sì sọ máàkì tí ẹ gbà nígbà tí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi pamọ́, wọ́n á rí i.

Ìwé tí ẹ máa kọ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn iná mànàmáná": ìdajì àwọn tó ń du owó náà ló ti kọ ọ́. Ẹ wo èyí: "A yẹ tiransifọ́mà 1 kVA kan wò. Iná tó ń ṣòfò nínú irin rẹ̀ jẹ́ 18 W, ti inú kópà jẹ́ 32 W nígbà tó gbé ẹrù kíkún. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ìgbà tó bá gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù ni òfò rẹ̀ máa ń kéré jù lọ sí iṣẹ́ tó ń ṣe." (Ẹrù níbí ni iná tí wọ́n ń fà lára rẹ̀.) Ẹnjinníà tó bá ka èyí á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò ó: 18 pín sí 32, wá gbòǹgbò rẹ̀, 0.75 ló máa jáde. Ó ti mọ̀ pé ẹ kì í purọ́. Iṣẹ́ kékeré tí ẹ lóye dé ìdí ni kí ẹ kọ, ẹ fi ti ńlá tí ẹ kàn bá wọn dúró níbẹ̀ sílẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ìbéèrè tó rọrùn ni wọ́n sábà fi ń ṣí i. Kí ló dé tí a fi ń fi fólítì gíga gbé iná lọ sọ́nà jíjìn? Ẹ gbé nọ́ńbà jáde. Ká ní 10 MW ni, lórí wáyà mẹ́ta, pẹ̀lú power factor 1 (ìyẹn ni pé gbogbo iná tó ń ṣàn ló ń ṣiṣẹ́): ní 11 kV, ìṣàn iná máa jẹ́ nǹkan bí 525 A, ní 132 kV, nǹkan bí 44 A ni. Ó dín ní ìlọ́po 12. Nítorí pé ìṣàn iná tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ni òfò ń tẹ̀ lé, òfò inú wáyà kan náà máa dín ní ìlọ́po 144.

Ìbéèrè ààbò náà ò ní ṣàì wáyé: kí lẹ máa ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní àwọn ti pa iná rẹ̀? Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ iná, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ẹ fi tẹ́sítà wò ó pé iná ti kú, ẹ wá so ó mọ́ ilẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ tẹ́sítà náà wò lórí ibi tí iná wà dájú, ká tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, nítorí tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ náà á sọ pé iná ò sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ìdáhùn sì wà lórí ìwé:

- Ọdún mélòó ni ẹ máa sìn wọ́n? Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹ sì kúrò lẹ́yìn ọ̀kan, ṣé ìdá méjì nínú mẹ́ta owó lẹ máa dá padà ni, àbí gbogbo rẹ̀? Àwọn àdéhùn kan máa ń gbà gbogbo rẹ̀.
- Bí àwọn fúnra wọn kò bá ní iṣẹ́ fún yín nígbà tí ẹ bá gboyè ńkọ́?
- Ṣé ẹ lè gba sìkọ́láṣíìpù mìíràn mọ́ ọn?
- Máàkì wo lẹ kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ rẹ̀, ṣé wọ́n á sì fún yín ní sáà kan láti tún un ṣe?
- Fásitì ni wọ́n máa sanwó fún àbí ẹ̀yin, ìgbà wo sì ni?

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré títí di ìgbà tí owó bá dé lẹ́yìn tí fásitì ti ti ìforúkọsílẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbà á, ohun tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìdánwò àtúnṣe tó bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ ìsinmi. Ní ọjọ́ tí fásitì bá ti gbé ọjọ́ ìdánwò jáde, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó yín ní iléeṣẹ́. Wọ́n lè sún iṣẹ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ohun tí wọn kì í gbà ni kí wọ́n ti to orúkọ yín mọ́ àwọn tó ń lọ sí pápá, kí wọ́n má sì rí yín láàárọ̀ ọjọ́ ajé.