Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá gbẹ́kẹ̀ lé AI

Ohùn AI, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹni tó ní làákàyè, kì í yí padà. Bó bá mọ ohun tí ẹ béèrè, ọ̀rọ̀ á dùn lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, adùn náà kò ní dín kù. Irú ẹ̀rọ bíi ChatGPT, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ń ṣírò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jùlọ kó tẹ̀lé èyí tó ṣáájú, látinú òbítíbitì àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣíṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí mímọ òótọ́.

Ẹ má ṣe gba ìwọ̀n oògùn ọmọ lẹ́nu rẹ̀. Èyí ló ń kó wa lọ́kàn sókè jùlọ. Bí ìyá kan bá béèrè iye mílílítà paracetamol tó yẹ ọmọ oníkílò 10, AI lè dáhùn láì kọ́kọ́ bi í pé irú ìgò wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgò yàtọ̀ sí ìgò. Oògùn olómi tọmọdé sábà máa ń ní mílígírámù 120 tàbí 125 nínú mílílítà 5. Ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sí ìkókó lẹ́nu lè ní 100 nínú mílílítà 1 péré. Bí a bá fi mílígírámù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ṣírò, 150 ni ọmọ náà nílò: mílílítà 6 látinú oògùn oní-125, ṣùgbọ́n 1.5 péré látinú ti ìkókó. Ìyá tó gbọ́ "6", tó sì wọ̀n ọ́n látinú ìgò kékeré, ti fún ọmọ ní 600, ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀dọ̀ ni àpọ̀jù paracetamol máa ń bàjẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí àmì rẹ̀ tó hàn gbangba. Ẹ ka ara ìgò, kí ẹ sì gbé ìgò náà gan-an dání lọ bá apòògùn òyìnbó.

Ẹ má sì bi AI fúnra rẹ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Agbẹjọ́rò kan ní New York ṣe bẹ́ẹ̀. ChatGPT ti hùmọ̀ àwọn ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún un. Nígbà tó bi í bóyá ẹjọ́ gidi ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé òun, agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ gba orúkọ ìwé, ọdún àti ojú ìwé, kí ẹ wá a rí fúnra yín níbòmíràn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yọ gbólóhùn náà kúrò.

Ohùn tí ẹ mọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ìwọ̀nba ohùn tí ọmọ yín gbé sórí Facebook ti tó fún AI láti fi ṣe ayédèrú rẹ̀. Fídíò náà kò yàtọ̀: ìròyìn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 pé òṣìṣẹ́ kan ní Hong Kong fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé orí fídíò tí àwọn ọ̀gá tó rí níbẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Bí ìpè bá wá pé "Mọ́mì, mo wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ tètè fowó ránṣẹ́," ẹ gé e, kí ẹ pe nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Kí ìdílé fẹnu kò lójúkojú lórí ọ̀rọ̀ àṣírí kan, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì kọ ọ́ sórí fóònù.

Àwọn òbí kan sì ń fi àsọtẹ́lẹ̀ nípa iṣẹ́ tí AI yóò gbà lọ́wọ́ ènìyàn yan iṣẹ́ fún ọmọ. Geoffrey Hinton, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìmọ̀ AI, sọ ní 2016 pé kí wọ́n dẹ́kun kíkọ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán X-ray, pé láàárín ọdún márùn-ún, ó pẹ́ tán mẹ́wàá, ẹ̀rọ yóò ṣe é jù wọ́n lọ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń kọ́ wọn. Àwòrán kíkà jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n tún ń yan àyẹ̀wò tó yẹ aláìsàn, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ mú ẹran ara jáde fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ń bá oníṣẹ́ abẹ jíròrò. Kí ọmọ yín tó pa iṣẹ́ kan tì, ẹ bá ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ jókòó, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ẹ wá sàmì sí èyí tí AI ti ń ṣe pé lónìí, láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.