Fáàfù Tó Rẹ̀ Ò Tíì Kú: Bí Mo Ṣe Ń Jí Fílámẹ́ǹtì 833A

Ẹ má tíì ju fáàfù yẹn nù. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ló pè mí síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ rọ́bà aṣọ òjò. Fáàfù 833A inú rẹ̀, ìyẹn ìgò oníná tó ń fún ẹ̀rọ náà lágbára, ń tàn dáadáa, àmọ́ ibi tí ẹ̀rọ bá lẹ̀, ẹ fa á díẹ̀ báyìí, ó ti ṣí. Wọ́n ti fẹ́ lọ ra òmíràn ní Aláàbà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òru kan.

Wáyà inú fáàfù yìí, tí à ń pè ní fílámẹ́ǹtì, irin tungsten ni, wọ́n po irin mìíràn, thorium, díẹ̀ mọ́ ọn. Awọ thorium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara wáyà ló ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn iná tí fáàfù fi ń ṣiṣẹ́, jáde. Tí iṣẹ́ bá pọ̀jù fún un, tàbí tí iná bá lọ sílẹ̀ tí ẹ ṣì ń fi ṣiṣẹ́, awọ yẹn á bó. Thorium ṣì wà nínú wáyà. Ooru la fi ń pè é jáde.

Ẹ pa iná ẹ̀rọ, kí ẹ tú wáyà iná gíga kúrò lórí púlétì, ìyẹn irin inú fáàfù tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Iná ibẹ̀ lè tó fóòtì 3000, kapásítọ̀ sì máa ń fi í pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ. Ọ̀pá gbígbẹ tí mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ ni mo fi ń kan púlétì, ẹ̀ẹ̀mejì, kí n tó tú wáyà náà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Yábàá kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tó bá rí ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá fi mítà wò ó. Tí fílámẹ́ǹtì bá ti já, tàbí tó bá ti tẹ̀ tó ń kan gíríìdì, irin bí àwọ̀n tó wà láàárín òun àti púlétì, kò sí àtúnṣe.

Tó bá yè, fóòtì 10 lórí fílámẹ́ǹtì nìkan, nǹkan kan ò gbọdọ̀ wà lórí púlétì àti gíríìdì. Ẹsẹ̀ fáàfù gan-an ni kí ẹ ti wọn fóòtì náà, kì í ṣe ẹnu tiransifọ́mà, torí áńpíà 10 ló ń gba inú wáyà kọjá, wáyà tó wà láàárín á sì jẹ nínú fóòtì náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kéré jù. Tí kò bá jí, ẹ gbé e sí 12 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má kọjá 12 láé, kí ẹ dá a padà sí 10.

Ní òru ọjọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Muṣin, mo jókòó tì í. Mo rọra ń yí fáríàkì, tiransifọ́mà tí wọ́n fi ń gbé fóòtì sókè sódò. Wáyà kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin iná, ó wá mọ́lẹ̀ rúsúrúsú débi pé mo fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ka mítà. NẸ́PÀ mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo dá fáríàkì padà sí òdo kí n tó tan jẹnẹrétọ̀, nítorí iná tó bá já lu wáyà tútù lójijì lè já a. Ẹ má sì gbé e kúrò níbi tó wà nígbà tó bá gbóná.

Nígbà tí mo dá a padà sínú ẹ̀rọ, áńpíà púlétì tó ti wà ní 0.16 gòkè dé 0.29. Rọ́bà lẹ̀, a fà á títí, ó ya kó tó ṣí.

Tó bá tún rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kábọ́nù ara wáyà, tó ń ran thorium lọ́wọ́, ló ti tán. Àmì rẹ̀ ni pé áńpíà fílámẹ́ǹtì á ju ti ìgbà tó wà ní tuntun lọ, ní fóòtì 10 kan náà. Ẹ ra òmíràn.

Tuntun tàbí èyí tí ẹ jí, ẹ fi sítábíláísà sí i. Tí fóòtì fílámẹ́ǹtì bá fi ìdá 3 nínú 100 ga jù, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù sí ìdajì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ "10.0" sára ẹ̀rọ Ìsọlọ̀ yẹn, mo sì fi mítà kékeré kan sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.