Àtíkè lára ọmọ ọwọ́: bí a ṣe ń lò ó láì ṣe ọmọ ní jàǹbá

Ọmọ ọwọ́ kò nílò àtíkè rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abiyamọ kò ní gbà pé ọmọ ti wẹ̀ bí ọrùn rẹ̀ kò bá funfun. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn ike. Tẹ́ ẹ bá rí "talc" níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Òkúta tí wọ́n lọ̀ ni. Ó kúnná débi pé ó ń bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í yòrò níbẹ̀. Asbestos, òkúta onífọ́nrán tó ń fa jẹjẹrẹ, sì lè bá a pọ̀ láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Lọ́dún 2024, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka talc mọ́ ohun tó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. "Zea mays starch" ni ti àgbàdo. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ òun náà kò yẹ ní fífà símú. Èyí tó ní menthol tàbí camphor kò yẹ ìkókó: ọmọ tí kò ní èròjà G6PD (tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) tó lára lè ní ibà pọ́njú nítorí rẹ̀.

Ẹ pa fáànù. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ kọ́lọ́fín ọrùn, abíyá àti itan títí wọn á fi gbẹ. Ẹ má ṣe fà á. Ẹ kúrò nítòsí ọmọ, ẹ da ìwọ̀nba bí èékánná àtàǹpàkò sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á, kí ẹ tó fi kàn án lára. Ẹ má gbọn ike lé ọmọ lórí láéláé. Ẹ má fi sójú, ojú ara ọmọbìnrin, ibi tó bó, tàbí ìwọ́ tí kò tíì já (jẹ́lì apakòkòrò chlorhexidine 7.1% ni ti ìwọ́).

Ẹ fọ ti àná kúrò kí ẹ tó fi tuntun sí i. Òógùn àti wàrà tó ṣàn sọ́rùn máa ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Tó bá gbẹ, á máa ha awọ, àwa á ní ooru ló sú sí ọmọ lára, a ó tún da òmíràn lé e! Bí ìlédìí bá ti mú ìdí pọ́n, ìpara zinc oxide ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ẹ má fún ọmọ ní ike àtíkè ṣeré nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí. Tí ìdérí bá ṣí, imú ló máa dà sí. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e dìde, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu àti imú rẹ̀, ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ike náà, bí ikọ́ tilẹ̀ ti dáwọ́ dúró, torí ìṣòro èémí lè yọjú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 tó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ oṣù 2 sí 12 tó ń mí tó 50, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílé rárá.