Aṣọ ni kí ẹ gé, ẹ má gé owó

Aláró àdìrẹ ni mí ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ni owó sódà, owó aró àti owó aṣọ funfun ò ti dúró sójú kan mọ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó sódà àti aró inú ike wá, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là sọ fún wa lọ́dún yẹn. Yáàdì márùn-ún tí mo ń tà ní 6,500 náírà, kí ọdún tó parí, bí mi ò bá gba 11,000, òfo ni mo ń ṣe.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò dáa. Mo já owó wálẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí Status WhatsApp mi: 'Ẹ̀dínwó! 9,000 péré.' Aṣọ mẹ́rìnlá tà lọ́sẹ̀ kan, mo ń yọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ ra ọjà mìíràn lojú mi là: owó ọwọ́ mi ò ká aṣọ mẹ́rìnlá mọ́. Àwọn tó ti rà á ní 11,000 lọ́sẹ̀ tó ṣáájú náà rí Status yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, tíṣà ni, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: 'Ìyá Aláró, ṣé èmi lẹ wá rí rẹ́ jẹ?' Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò mọ èsì tí màá fún un.

Ìgbà yẹn ni mo gbé àlùmọ́gàjí. Iye owó ọdún 2023 ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ yìí: ẹni tí kò ní 11,000 lè ní 4,800. Ẹ gé yáàdì méjì fún ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan, yáàdì méjì fún òmíràn, kí ẹ ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 4,800. Yáàdì kan tó ṣẹ́ kù, ẹ fi ṣe ìborùn, ẹ tà á ní 2,800. Ẹ rò ó pọ̀: 12,400. Ó fi 1,400 ju odidi lọ, ẹnikẹ́ni ò sì lè bú yín pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ ni kí ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa gé. Mo ti la àdìrẹ kan tó ní àwòrán tí à ń pè ní Olókun já láàárín rí, àwòrán tó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ wá dà bí àkísà. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kéékèèké ni mo ń yà sórí aṣọ kéékèèké.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ẹbí. Oníbàárà kan tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ béèrè yáàdì márùn-ún márùn-ún fún ọgọ́ta èèyàn, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó dákẹ́. Ẹni bá dákẹ́ ò tíì lọ. Mo pè é, mi ò sọ̀rọ̀ owó rárá. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe máa rí i bó bá jẹ́ ìborùn fún àwọn obìnrin, fìlà fún àwọn ọkùnrin, kí kálukú wọ aṣọ tó ti ní nílé?' Ìborùn ogójì àti fìlà ogún ló mú.

Ní ti ìpolówó orí Facebook, mo fi 20,000 sí i nígbà kan. Gbogbo ìlú ló ń béèrè 'Èló?', èèyàn méjì ló rà. Bóyá ó dára fún ẹlòmíràn o. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni mo fi rọ́pò rẹ̀: orúkọ ẹni tó ti rà rí, ohun tó rà, àti ọjọ́ tí owó oṣù máa ń wọlé fún un. Èèyàn mẹ́wàá ni mò ń fi ohùn ránṣẹ́ sí lójúmọ́, mo máa ń pe orúkọ kálukú. Iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Láàárín ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ìparí oṣù ni kí ẹ gbájú mọ́ ọn. Tó bá di ọjọ́ kẹwàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Kí wá lẹ máa fi hàn wọ́n? Alágbàdo ayé àtijọ́ ń ké pé, 'Láńgbé jinná o, ọ̀rọ̀kú orí ebè.' Kò pe iye. Ó ní ó jinná ni. Èmi náà, mo ní kí ọmọ mi gbé fóònù dúró létí ìkòkò aró. Bí aṣọ bá ṣe ń jáde, àwọ̀ ewé ni, ó ń kán tótó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i báyìí, ojú yín ló máa ń ṣe tí á fi di búlúù, láti etí wá sí àárín. Fídíò náà ò ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà ò ní irú fídíò yẹn.

Àwìn nìkan ló kù. Àwọn aláró Ẹ̀gbá ayé ìgbà yẹn ń gba aṣọ láwìn lọ́wọ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé wó lẹ́yìn 1929, gbèsè wọ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, mi ò tàwìn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mò ń bá ṣe: wọ́n á gé e lára owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n á san án fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà tó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́sí ló mú mi mọ ẹgbẹ́ wọn. Mo ti gbé ìborùn kan lọ bá a nílé, mo ní kó fi ṣe èènì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò ó sókè sódò, ó ní, 'Ẹ gé irú èyí mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún wa.'