Bí mo ṣe yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ ní sìtọ́ọ̀ wò

Bọ̀dá mi àgbà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàgámù tí wọ́n ti ń ta spare part mọ́tò, àtìgbà kòrónà ni wọ́n ti tì í pa, gbogbo ọjà tó ṣẹ́kù wá wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kí n bá wọn wo ọ́ìlì tó wà níbẹ̀, èyí tó bá ṣì dáa ká lò ó, èyí tí ò dáa ká mọ ohun tá a máa fi ṣe. Ẹ̀yin náà sì mọ iye tí gálọ́ọ̀nù kan ń lọ báyìí, kì í ṣe ohun téèyàn kàn máa dà nù.

Mo kó gbogbo ẹ̀ síta, mo nu eruku ara wọn, mo wá ń wá déètì. Ara ike gan-an ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, nítòsí ọrùn tàbí nídìí, íǹkì ẹ̀ kì í sì í hàn dáadáa, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi rí òmíì. Ọdún 5 ni wọ́n sábà máa ń sọ, látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é o, kì í ṣe látọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá tíì ṣí i tó sì wà nínú ilé níbi tí oòrùn ò dé. Àwọn èèyàn á gbọ́ ọdún 5 yẹn, wọn ò ní gbọ́ èyí tó kù.

Dúrọ́ọ̀mù tó wà níta ló fún mi níṣẹ́ jù. 200 lítà ni, ó ti dín dáadáa, ó dá dúró sínú òjò. Ìdérí ẹ̀ le pinpin, ojú lásán ò lè sọ pé omi wọ ibẹ̀, àmọ́ bàbá mẹkáníìkì tó ń bá wa ṣe mọ́tò ní kí n ṣe sùúrù. Wọ́n ní tí oòrùn bá pa á, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fẹ̀, á máa gba etí ìdérí jáde díẹ̀díẹ̀, tó bá wá dalẹ́ tó tutù á tún máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó bá wá jẹ́ pé omi òjò ló dúró lórí ìdérí lásìkò yẹn, omi ló máa fà mu nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí dúrọ́ọ̀mù bá máa wà níta, ńṣe ni wọ́n máa ń dà á dùbúlẹ̀, kí ihò méjèèjì orí ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí ọ́ìlì lè bò wọ́n látinú.

Mo ki rọ́bà bọ ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fà á, èyí tó kọ́kọ́ jáde funfun bí omi ògì. Tòkè mọ́ lójú ṣá, mo wá gbé agolo kaná, mo kán ẹ̀kán díẹ̀ sí i (ẹ má ṣe é nítòsí pẹtiróò o), ló bá ń ta pàrà pàrà. Omi wà níbẹ̀ náà. Àwọn kápẹ́ńtà tó ń kan pákó dẹ́kìn ló wá gbé gbogbo ẹ̀, wọ́n máa fi ń pa pákó kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Gálọ́ọ̀nù tí ò tíì ṣí ò le rárá. Àwọn tó ti lé díẹ̀ lọ́dún 5, mo mì wọ́n, mo da díẹ̀ sínú ike tó mọ́ gaara, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Èyí tí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ wà nídìí ẹ̀, mo yà á sọ́tọ̀, èyí tó mọ́ délẹ̀ di ti jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe pé ó ń di májèlé lọ́jọ́ tó pé ọdún 5.

Ohun táwọn èèyàn kì í wò ni lẹ́tà API tó wà lẹ́yìn ike, API ni àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí ìpele. S ni ti pẹtiróò, C ni ti dísù, lẹ́tà kejì ló ń sọ bó ṣe tuntun tó, SP dé ní 2020. A bá kátọ́ọ̀nù SF níbẹ̀, síìlì ẹ̀ ò já, déètì ẹ̀ dáa, àmọ́ API fúnra wọn ní SF ò bá ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988 mu. Kò sí bí mo ṣe máa da ìyẹn sí Corolla mi. Peugeot 504 ti bọ̀dá, ti 1984, òun ló gbà á.

Búréèkì ọ́ìlì tó ti ṣí, mi ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, òun máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, mo yọ ọ́ kúrò kíá.

Èyí tó kù ti wà nínú ilé báyìí, lórí pákó, ó jìnnà sí páànù òrùlé, mo fi máàkà kọ ọdún sí iwájú ìkọ̀ọ̀kan, èyí tó pẹ́ jù la kọ́kọ́ ń mú. Aládùúgbò wa ti wá ra gálọ́ọ̀nù kan, mo bi í irú mọ́tò tó ń wà kí n tó gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.